Ipò Tíṣà Kì Í Ṣe Ogún: Àgbéyẹ̀wò Ẹjọ́ Iṣẹ́ Àánú Nílé Ìwé Ìjọba ní Íńdíà

Bí tíṣà ilé ìwé ìjọba bá kú sẹ́nu iṣẹ́ ní Uttar Pradesh, ìpínlẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Íńdíà, owó penṣọ̀n nìkan kọ́ ni àwọn ará ilé rẹ̀ máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n á béèrè iṣẹ́ pẹ̀lú. Ìyàwó olóògbé tàbí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ á kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ àgbègbè wọn pé ẹni tó ń bọ́ àwọn ti lọ, kí ìjọba gba òun síṣẹ́ kí ebi má pa àwọn tó kù. Òfin fàyè gbà á. Láti ọdún 1974 ni ìpínlẹ̀ náà ti ní ìlànà fún àwọn tó gbójú lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó kú láìtíì fẹ̀yìn tì, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì ní tiwọn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí wọlé kò ní bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ jókòó ṣe ìdánwò. Ikú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Iṣẹ́ àánú ni màá máa pè é níhìn-ín. Àánú ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹjọ́ tó ti ara rẹ̀ jáde kò lóǹkà, ìdájọ́ ibẹ̀ sì máa ń ta kora. Èrò tèmi ni pé ohun méjì ló ń bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹjọ́ náà: àwọn ẹbí ń wo iṣẹ́ ọ̀hún bí ogún, àwọn ọ́fíìsì ìjọba sì ń fi ìfalẹ̀ sọ ọ́ di ogún lóòótọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ẹnì kẹta tún wà tí kì í ní lọ́yà: ọmọ tó jókòó nínú kíláàsì, tí ẹni tí wọ́n bá gbà máa wá kọ́ ní ìṣirò.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀. Abala 14 sọ pé ọgbọọgba ni gbogbo ènìyàn níwájú òfin. Abala 16 mú un dé ẹnu iṣẹ́ ọba: àǹfààní kan náà ni kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè ní láti ríṣẹ́ ìjọba, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀sìn, ẹ̀yà, ìdílé tí èèyàn ti wá, ibi tí wọ́n bí i sí, tàbí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, lé e sẹ́yìn. Ìdílé tí èèyàn ti wá gan-an ni egungun tó há ọ̀fun. Bó bá jẹ́ pé torí ọmọ tíṣà ni mo jẹ́ ni mo ṣe di tíṣà, ẹni tí bàbá tirẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí òun ṣẹ̀. Lọ́dún 1993, nínú ẹjọ́ kan tó kan ọ́fíìsì tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: kí a gba èèyàn síṣẹ́ nítorí ìdílé rẹ̀ lásán lòdì sí òfin. Ohun kan ṣoṣo tó lè gba iṣẹ́ àánú là ni pé ẹbí náà wà nínú ìṣẹ́ lójijì nítorí ikú ẹni tó ń bọ́ wọn. Bí a bá yọ ìṣẹ́ kúrò, ogún ló kù.

Ilé-ẹjọ́ kan náà ti fọ ohùn tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún mẹ́rin ṣáájú. Opó kan wà tí ọkọ rẹ̀ ń bá àjọ tó ń la ọ̀nà ẹnubodè ṣiṣẹ́ kó tó kú lọ́dún 1982. Obìnrin yìí béèrè iṣẹ́ akọ̀wé. Wọ́n ní kó lọ, kó bọ̀; nígbà tó pẹ́, wọ́n ní àwọn ò gba obìnrin sírú iṣẹ́ yẹn mọ́. Lọ́dún 1989 ni ilé-ẹjọ́ dá a láre. Àwọn adájọ́ ní kò yẹ kí ìdádúró kankan wà nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé bí àyè ò bá sí, kí ìjọba dá àyè kan sílẹ̀ lórí iye tó wà. Títí di òní, ìdájọ́ yìí ni lọ́yà opó máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Lọ́yà ìjọba ní tirẹ̀ á fa ìdájọ́ Haryana yọ, èyí tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1994, tí ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹjọ́ iṣẹ́ àánú lẹ́yìn rẹ̀ tí wọn ò ti dárúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Haryana ti ń fi iṣẹ́ àánú gbé èèyàn sí ipò ọ̀gá. Ilé-ẹjọ́ ní ó tì o. Wọ́n ní ìdí tí iṣẹ́ àánú fi wà ni láti yọ ẹbí nínú wàhálà òjijì, kì í ṣe láti fún ẹnì kan ní ipò tí olóògbé wà. Ipele méjì ìsàlẹ̀ pátápátá, ti akọ̀wé àti ti mẹ́séńjà, nìkan ló tọ́ sí i. Kí ọ́fíìsì kọ́kọ́ wo ohun tí ẹbí ní lọ́wọ́. Bí ọdún bá ti gorí ọdún tí wàhálà náà sì ti kọjá, kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹ̀tọ́ mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ilé-ẹjọ́ kéékèèké, nínú ẹjọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò ìjọba, pé adájọ́ ò gbọ́dọ̀ torí pé àánú ṣe é máa pín iṣẹ́ tí òfin ò fún un láṣẹ láti pín.

Ìlà tí wọ́n fà sókè akọ̀wé yẹn ló mú ọ̀rọ̀ ilé ìwé le ju ti ọ́fíìsì mìíràn lọ. Ilé ìwé kì í ní akọ̀wé púpọ̀. Tíṣà ló pọ̀ níbẹ̀, tíṣà sì wà lókè ìlà. Ẹjọ́ méjì láti Uttar Pradesh ló fi èyí hàn lọ́dún 1998.

Nínú àkọ́kọ́, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan kú lọ́dún 1969 nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré. Ọmọ náà dàgbà, ó kàwé, ó wá kọ̀wé lọ́dún 1986 pé kí wọ́n fi òun ṣe tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi bàbá òun. Ọdún mẹ́tàdínlógún ti lọ láàárín. Ilé-ẹjọ́ Gíga gbà fún un, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì dà á nù: ẹbí tó ti ń jẹun fún ọdún mẹ́tàdínlógún kò sí nínú wàhálà òjijì mọ́. Èmi náà ò rí bí ilé-ẹjọ́ ṣe lè sọ ohun mìíràn. Ohun tó ṣe kedere nínú ẹ̀bẹ̀ ọmọkùnrin yẹn ni pé ipò bàbá rẹ̀ ló ń wá. Ó dà bí ẹni tó lọ béèrè ilẹ̀ tí wọ́n bá a tọ́jú dìgbà tó bá dàgbà.

Ẹjọ́ kejì kan àwọn ilé ìwé girama aládàáni tí ìjọba ń san owó oṣù wọn, èyí tí òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1921 ti ìpínlẹ̀ náà ń darí. Ìlànà wọn gbà kí wọ́n fi ẹbí òṣìṣẹ́ tó kú sí iṣẹ́ tí kì í ṣe ti tíṣà, bí àyè ò bá sì sí, kí wọ́n dá àyè mẹ́séńjà sílẹ̀ fún un. Àwọn olùpẹ̀jọ́ ní iṣẹ́ akọ̀wé làwọn ń fẹ́, ìwé ẹ̀rí àwọn tó o. Àwọn adájọ́ wò ó pé àyè akọ̀wé nínú àwọn ilé ìwé wọ̀nyí kò tó nǹkan. Bí ọmọ olóògbé bá gba gbogbo rẹ̀, àwọn tó kù nílùú ò ní rí ọ̀kan gbà láé, ohun tó yẹ kó jẹ́ àyàfi á sì wá gbé òfin gan-an mì. Nítorí náà, ẹni tí kò bá rí àyè akọ̀wé, kó gba ti mẹ́séńjà. Ó lè ṣẹlẹ̀, nígbà náà, kí ọmọ tó gboyè jáde ní yunifásítì máa lu agogo nílé ìwé tí bàbá rẹ̀ ti ṣe ọ̀gá. Ó korò, ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú ilé-ẹjọ́. Ẹni tí ebi ń pa ní tòótọ́ á gba iṣẹ́ tó bá wà. Ẹni tó bá ní àfi èyí tó wu òun ti ń bá wa sọ̀rọ̀ nípa ohun mìíràn. Wọ́n tún ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Rajasthan lọ́dún 1994 pé ẹni tó bá ti gba iṣẹ́ kékeré kò lè padà wá béèrè ńlá, àti nínú ẹjọ́ opó òṣìṣẹ́ ẹ̀ka rédíò ọlọ́pàá ní Uttar Pradesh lọ́dún 2021 pé ipò tí ẹbí máa gbà kò gbọ́dọ̀ ga ju ti olóògbé.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ni mi ò ti lè bá àwọn adájọ́ lọ tán. Uttar Pradesh fúnni ní ọdún márùn-ún láti kọ̀wé. Ìjọba àpapọ̀, tó ń ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àyè ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àánú, ní gbèdéke ọdún mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ó sì mú un kúrò lọ́dún 2012. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ nínú ẹjọ́ Bihar kan lọ́dún 2000 pé ìjọba ò lè fi ìjókòó kan sílẹ̀ lófìfo títí ọmọ á fi dàgbà. Lọ́dún 2020, nínú ẹjọ́ Karnataka, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ti gbà wọ́n sí, nítorí pé ọjọ́ orí wọn ò tíì tó láàárín àsìkò tí ìlànà là sílẹ̀. Gbogbo èyí bá ìdájọ́ Haryana mu.

Àmọ́ ta ló falẹ̀? Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ dájọ́ lórí àwọn ẹbí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní West Bengal, tí ìwé wọn ti wà lórí tábìlì fún ọdún gbọọrọ. Àwọn adájọ́ ní ìbáà jẹ́ olùbẹ̀bẹ̀ ló pẹ́ kó tó wá, ìbáà jẹ́ ọ́fíìsì ló pẹ́ kó tó dáhùn, bí ọdún bá ti pọ̀ jù, kánjúkánjú tó mú iṣẹ́ àánú wáyé ti lọ. Gbólóhùn kejì yẹn ni mo fẹ́ ká dúró wò. Ọ́fíìsì tó sùn lé ìwé opó lórí ló jàǹfààní oorun rẹ̀: bó bá sùn pẹ́ tó, ẹ̀bẹ̀ á kú fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n rọ àwọn ọ́fíìsì nínú ìdájọ́ kan náà pé kí wọ́n máa yára, ṣùgbọ́n mi ò rí ìyà kankan tó so mọ́ ọn. Ìdájọ́ 1989 mọ ọ̀nà tó dára ju èyí lọ. Ẹni tó kọ̀wé láàárín oṣù díẹ̀ sí ọjọ́ ikú, tí ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́, kò yẹ kí wọ́n ka ọdún ìdúró sí i lọ́rùn.

Ìfalẹ̀ yìí náà ló bí àríyànjiyàn mìíràn tí mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gùn: ìlànà wo ni ká lò bí ìjọba bá yí i padà láàárín ọjọ́ ikú àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ ìwé wò? Ìdájọ́ 2010 àti ti 2015, tí báńkì ni méjèèjì kàn, ta kora. Lọ́dún 2019 wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ adájọ́ tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ yanjú rẹ̀. Ẹjọ́ Karnataka ti 2020 mú ọjọ́ àyẹ̀wò. Àwọn ẹjọ́ Madhya Pradesh tó tẹ̀ lé e mú ọjọ́ ikú. Bí àwọn ọ́fíìsì bá dáhùn láàárín ọdún kan, ẹjọ́ yìí ò ní sí.

Ọ̀ràn ọmọbìnrin tó ti lọ́kọ ni ìbínú pọ̀ sí jù. Ìwé ìlànà ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kọ ọ́ pé ọmọkùnrin lè gba iṣẹ́ àánú yálà ó ti gbéyàwó tàbí kò tíì gbé, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò tíì lọ́kọ. Èrò tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: ọmọbìnrin tó ti wọlé ọkọ ti di ará ilé ibòmíràn. Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Allahabad wọ́gi lé e lóṣù kejìlá ọdún 2015 fún Uttar Pradesh. Síbẹ̀, fún ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn ọ́fíìsì kan ṣì ń dá ìwé àwọn obìnrin padà pé ìwé ìlànà ò tíì yí, àfìgbà tí ìpínlẹ̀ náà tún un kọ lọ́dún 2021. Adájọ́ M. Nagaprasanna ṣe bákan náà ní Karnataka lóṣù kejìlá ọdún 2020, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ò sì yí i dà lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má rò pé gbogbo ọmọbìnrin tó bá pẹjọ́ ló jàre o. Ní Maharashtra, akọ̀wé kan kú lọ́dún 1995, wọ́n fún ìyàwó rẹ̀ níṣẹ́ àánú. Ìyàwó náà kú sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 2011, ọmọ wọn obìnrin tó ti lọ́kọ sì béèrè tirẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kọ̀ lọ́dún 2022. Bàbá, ìyá, ọmọ: bí iṣẹ́ bá ti ń tọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn báyìí, ọmọ ìlú mìíràn tó ń dúró níta ti di àlejò títí ayé. Mo fara mọ́ ìdájọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi fara mọ́ ọn kì í ṣe ti ọkọ. Ìbéèrè tó tọ́ ni bóyá ẹni náà gbójú lé olóògbé fún oúnjẹ òòjọ́. Ọmọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù nílùú ńlá lè má gbójú lé bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ti lọ́kọ tó sì ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lè gbójú lé e. Kí wọ́n wo àwo oúnjẹ, kí wọ́n fi òrùka sílẹ̀. Ibi tí ìlànà bá ti ń wo òrùka, àwọn ènìyàn á máa fi òrùka ṣe ìwà ọgbọ́n: ní Karnataka, obìnrin kan tí ìyá rẹ̀ kú lóṣù kẹta ọdún 2012 lọ gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́yìn ikú náà, ilé-ẹjọ́ sì sọ lọ́dún 2021 pé ó jọ pé torí iṣẹ́ ni. Lórí ọmọ ìyàwó kejì, tí ilé iṣẹ́ réluwéè ti ń lé dànù, ilé-ẹjọ́ sọ lọ́dún 2018 àti 2022 pé ọmọ ò mọ bí bàbá ṣe gbéyàwó, òfin ò sì gbọ́dọ̀ fi ìyẹn jẹ ẹ́ níyà.

Pakísítánì, tí ìwé ìlànà rẹ̀ jọ ti Íńdíà, ni ẹjọ́ tíṣà tó ṣe kókó jù lórí èyí ti wá. Ní ẹkùn Khyber Pakhtunkhwa, wọ́n gba obìnrin kan síṣẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023 ní ipò bàbá rẹ̀ tó ti kú, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ gba ìwé náà padà pé ó ti lọ́kọ. Lóṣù kẹta ọdún 2025, Adájọ́ Mansoor Ali Shah dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní obìnrin kì í di ẹrù ọkọ, òmìnira rẹ̀ lórí owó kò sì so mọ́ ìgbéyàwó. Ohun tó mú ìdájọ́ yìí yàtọ̀ ni pé ó jáde lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ibẹ̀ ti wó ilé iṣẹ́ àánú lulẹ̀ pátápátá lóṣù kẹwàá ọdún 2024. Wọ́n ní fífi iṣẹ́ ọba fún ẹbí òṣìṣẹ́ láìpolówó rẹ̀, láìsí ìdíje, lòdì sí ìdọ́gba. Wọn ò fọwọ́ kan àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ṣé Íńdíà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà mìíràn wà láti tọ́jú opó. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, òfin penṣọ̀n ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún rẹ̀, kí owó náà lọ sọ́wọ́ ẹbí bó bá kú. Owó ni, kì í ṣe ìjókòó ẹlòmíràn. Pé ọ̀pọ̀ ẹbí ń pààrà ọ́fíìsì kí wọ́n tó rí i gbà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Ní Íńdíà, ilé-ẹjọ́ sọ lọ́dún 2000, nínú ẹjọ́ iléeṣẹ́ irin ìjọba, pé owó ìtọ́jú ẹbí ò lè rọ́pò iṣẹ́ àánú. Ibẹ̀ ni ọkàn wọn ṣì wà.

Kerala tilẹ̀ lọ jìnnà jù. Púpọ̀ nínú ilé ìwé ibẹ̀ jẹ́ ti aládàáni tí ìjọba ń sanwó oṣù: máníjà ló ń gbani, ìjọba ló ń sanwó. Òfin 51B nínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Kerala pàṣẹ fún máníjà pé ó gbọ́dọ̀ fún ẹbí tíṣà tó kú sẹ́nu iṣẹ́ níṣẹ́. Máníjà tó ti ní ẹni tirẹ̀ lọ́kàn fún àyè náà kò ní yọ̀. Òfin 51A tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe tíṣà tí wọ́n ti dá dúró nítorí àìsí àyè padà. Opó kan, tíṣà tí wọ́n dá dúró kan, máníjà kan, àyè kan ṣoṣo: ẹjọ́ ò lè ṣe kó má wà.

Nínú gbogbo èyí, ibo ni ọmọ ilé ìwé wà? Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, wọ́n ti máa ń gba ọmọ tíṣà olóògbé sí kíláàsì láìgba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, pé á gbà á tó bá yá. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé sí ẹ̀kọ́, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2009 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ló kọ́kọ́ gbẹnu sọ fún àwọn ọmọ. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ kíláàsì kìíní dé ìkẹjọ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní TET. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú ìwé ikú bàbá rẹ̀ nìkan kò lè wọ kíláàsì mọ́, iṣẹ́ akọ̀wé tàbí mẹ́séńjà ló kù fún un. Àwọn ẹbí pẹjọ́ pé àánú yẹ kó bo ìdánwò mọ́lẹ̀. Mi ò gbà. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé ìjọba jẹ́ ọmọ àwọn tí kò lówó láti lọ síbòmíràn. Tíṣà tí kò mọṣẹ́ jẹ́ ìyà lórí ìyà fún wọn, ìyà náà sì máa ń pẹ́ ju ọdún márùn-ún tí òfin fún opó láti kọ̀wé.

Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí òfin 2009 tó dé. Tíṣà tó bá ṣì ní ju ọdún márùn-ún lọ kó tó fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ yege nínú TET láàárín ọdún méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó lọ. Ilé ìwé àwọn ẹlẹ́sìn tàbí elédè tí wọn ò pọ̀ nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀ fún ìgbà yìí. Àwọn tó gba ọ̀nà àánú wọ kíláàsì ní ogún ọdún sẹ́yìn wà lára àwọn tó ń ra ìwé ìdánwò báyìí.